Àrokò Tàbí Ẹnà? Ìtàn Káàdì Aṣẹ́gun Nínú Eré Ẹni Méjì Sí Méjì

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ẹni méjì bá jọ mọwọ́ ara wọn, tí ọ̀kan ṣẹ́jú, èkejì ti mọ ohun tí ó fẹ́ wí. Ṣùgbọ́n eré kan wà tí ó ti gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Òyìnbó fún ọ̀rúndún púpọ̀, nínú èyí tí ẹni méjì jọ ń ja ogun kan náà, tí òfin sì kọ̀ fún wọn láti fi ojú, ẹnu, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ohun tí òfin fi sílẹ̀ fún wọn kò ju káàdì tí wọ́n ń jù sí orí tábìlì lọ àti, ní ayé òde òní, ìwọ̀nba ìpè díẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀.

Ìgbà tí mo wà ní òkè òkun ní ẹnu ẹ̀kọ́ ni mo kọ́kọ́ jókòó sí ìdí eré yìí. Bàbá arúgbó kan ni ẹnìkejì mi. Bàbá yìí ju káàdì kan sílẹ̀ tí ì bá borí gbogbo èyí tí ó wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé mo ní káàdì alágbára kan ní ọwọ́, tí ara mi kò sì balẹ̀ títí n ó fi lò ó, mo fi í pa káàdì ẹnìkejì mi. Bàbá kò sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò fajú ro. Nígbà tí eré parí ni ó tó sọ fún mi pé òun ti fi káàdì méjì tí ó ṣáájú wí fún mi pé kí n fọwọ́ mọ́wọ́. Mo ní n kò gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwọn alátakò wa méjèèjì gbọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò ní ọkàn mi láti ọjọ́ náà. Irú ọ̀rọ̀ wo ni a ń bá ẹnìkejì ẹni sọ ní gbangba, tí ọ̀tá sì ń gbọ́, síbẹ̀ tí ó ń ṣe ẹni ní àǹfààní? Nínú àṣà tiwa, ọ̀nà méjì ni a fi ń sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Èkíní ni àrokò. Bí ẹnì kan bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ohun tí ó ń wí ni pé ọkàn òun fà mọ́ ọn; ẹnikẹ́ni tí a bá fi àṣà tọ́ ni ó lè túmọ̀ rẹ̀. Èkejì ni ẹnà, èyí tí a ń lọ́ èdè pọ̀ sí kí ẹni tí ó wà nítòsí má baà gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ìtàn eré yìí kì í ṣe ìtàn agbára káàdì nìkan. Ìtàn bí àwọn ènìyàn ti ṣe dá àrokò kan sílẹ̀ ni, àti bí wọ́n ti ń jìjàkadì títí di òní kí àrokò náà má baà di ẹnà.

I. Bí eré náà ti rí

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ káàdì Whot, tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá di eré ọmọdé àti àgbà ní Nàìjíríà. Nínú Whot, olúkúlùkù ni ó ń jà fún ara rẹ̀. Eré tí à ń sọ yìí yàtọ̀. Ẹni mẹ́rin ni ó ń ta á. Ẹni tí ó jókòó kọjú sí ẹni ni ẹnìkejì ẹni, àwọn méjì tí ó wà ní ọ̀tún àti òsì sì ni alátakò. Káàdì 52 ni a ń pín, 13 fún olúkúlùkù. Ìdílé mẹ́rin ni wọ́n: sípéèdì, ọkàn, dáyámọ́ǹdì àti kílọ́ọ̀bù. Nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan, Éèsì ni olórí. Ọba tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà Ayaba, lẹ́yìn náà Jáàkì, kí ó tó kan 10 títí dé 2.

Bí ẹnì kan bá ju káàdì ìdílé kan sílẹ̀, dandan ni kí àwọn mẹ́ta yòókù ju káàdì ìdílé kan náà tẹ̀lé e bí wọ́n bá ní i. Ẹni tí káàdì rẹ̀ bá ga jù ni yóò kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun náà ni yóò sì kọ́kọ́ ju káàdì tí ó kàn. Ẹ jẹ́ kí a pe èyí ní ìkó kan. Ìkó 13 ni ó wà nínú eré kan, ẹgbẹ́ tí ó bá sì rí ìkó púpọ̀ jù ni ó ń jàre.

Bí ó bá mọ báyìí, ẹni tí a bá pín Éèsì àti Ọba fún ni ì bá máa borí lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n a máa ń yan ìdílé kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ó sì fi í ṣe aṣẹ́gun. Bí a bá béèrè ìdílé kan tí ẹnì kan kò ní lọ́wọ́ mọ́, ó lè fi aṣẹ́gun dáhùn. 2 inú ìdílé aṣẹ́gun yóò sì borí Éèsì ìdílé mìíràn. Aṣẹ́gun tí ó ga jù ú lọ nìkan ni ó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. N kò ṣàdéédé mú orúkọ yìí lò. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ó wà nínú orúkọ tí àwọn tí wọ́n dá a sílẹ̀ sọ ọ́.

II. Ibi tí aṣẹ́gun ti ṣẹ̀

Káàdì ti wà kí aṣẹ́gun tó dé. Láti ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ni ó ti wọ Yúróòpù láàárín ọdún 1370 sí 1380. Ní ọdún 1377, àwọn aláṣẹ ìlú Florence ní Ítálì ṣe òfin lórí eré tuntun kan tí wọ́n pè ní naibbe. Láti inú èdè Lárúbáwá ni orúkọ yìí ti wá, ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣe àjèjì sí wa, nítorí òun náà ni a fi ń pe igbákejì Lèmọ́mù ní Nóíbì ní àwọn ìlú wa. Igbákejì ọba ni Nóíbì inú káàdì, ó sì wà lẹ́yìn ọba nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1931 ni ọ̀mọ̀wé L. A. Mayer rí ìdì káàdì àtijọ́ ti àwọn Mamluk ará Íjíbítì ní ààfin Topkapı ní ìlú Istanbul. Ìdílé mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀: ife, owó, idà, àti ọ̀pá tí àwọn ẹlẹ́ṣin fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Kò sí káàdì kan nínú ìdì náà tí a yà sọ́tọ̀ láti jẹ́ aṣẹ́gun.

Ní Yúróòpù ni èrò náà ti hù, ọ̀nà méjì ni ó sì gbà. Ní ilẹ̀ Jámánì, ìwé òfin ìlú Nördlingen ti ọdún 1426 dárúkọ eré kan tí à ń pè ní Karnöffel. Nínú eré yìí, a ń yan ìdílé kan, àwọn káàdì kéékèèké kan nínú ìdílé náà yóò sì gba agbára tí wọ́n fi ń borí Ọba pàápàá. Ní ilẹ̀ Ítálì, àwọn ènìyàn kò fi agbára fún káàdì kékeré. Ńṣe ni wọ́n fi àwọn káàdì alájẹsára, tí wọ́n ya àwòrán sí, kún ìdílé mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀. Àwòrán póòpù, ọba ńlá, ikú, oòrùn àti ayé wà nínú wọn. Wọ́n pè wọ́n ní trionfi, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́gun. Ìwé àkọsílẹ̀ ti ọdún 1440 ní Florence ni a ti kọ́kọ́ rí orúkọ yìí fún káàdì.

Ó yẹ kí n mú àṣìṣe kan kúrò níbí. Àwọn káàdì alájẹsára wọ̀nyí ni à ń pè ní tarot lónìí, ọ̀pọ̀ sì gbà pé àwọn àwòrò Íjíbítì àtijọ́ ni wọ́n fi àṣírí pamọ́ sínú wọn. Ará Faransé kan, Court de Gébelin, ni ó gbé ìtàn yìí jáde ní Paris ní ọdún 1781. Ṣùgbọ́n láti 1440 sí 1781 ju ọ̀ọ́dúnrún ọdún lọ, iṣẹ́ tí a sì mọ̀ mọ́ àwọn káàdì náà ní gbogbo àkókò yẹn ni kí a fi wọ́n ṣeré. Michael Dummett, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ní Yunifásítì Oxford, ni ó fi ẹ̀rí èyí lélẹ̀ nínú ìwé ńlá tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1980. Àwa tí a ní Ifá mọ ìyàtọ̀ láàárín ọpọ́n Ifá àti ọpọ́n ayò. Kò yẹ kí a fi ọ̀kan pe èkejì.

Láti Ítálì ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi gé e kúrú di trump. Nígbà tí Hugh Latimer ń wàásù ní Cambridge ní ọdún 1529, ó fi eré káàdì ṣe òwe, ó sì fi ìdílé ọkàn ṣe aṣẹ́gun, kí ó lè kọ́ ìjọ pé ọkàn ènìyàn ni Ọlọ́run ń fẹ́. Oníwàásù tí ó gbọ́n kì í fi ohun tí ìjọ kò mọ̀ ṣe òwe. Nítorí náà ó dájú pé eré náà ti gbajúmọ̀ ní àkókò yẹn.

Ẹ kíyè sí ìyípadà tí ó ti dé. Kò sí káàdì alájẹsára mọ́. Ìdílé kan nínú mẹ́rin ni à ń mú ní ọjọ́ yìí, tí a ó fi jẹ oyè aṣẹ́gun. Ní eré tí ó kàn, a lè gba oyè náà lórí rẹ̀ kí a fi fún ìdílé mìíràn. Aṣẹ́gun kò jẹ́ ohun àbínibí mọ́. Láti ìgbà yìí ni ọgbọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pàtàkì ju orí rere lọ.

III. Edmond Hoyle àti ìwé rẹ̀

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, eré ẹni méjì sí méjì yìí di èyí tí à ń pè ní wísìtì. Charles Cotton ti mẹ́nu kàn án nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1674, ó sì sọ pé ìdákẹ́jẹ́ tí ó yẹ ìdí rẹ̀ ni ó fún un ní orúkọ náà. Ìtumọ̀ orúkọ yìí lè má tọ̀nà, nítorí a ti ń pè é ní wísìkì ṣáájú. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìdákẹ́jẹ́ ni àwọn ènìyàn ti mọ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi èyí wé ìdí ayò tiwa, níbi tí ọ̀tà ti ń kọrin bú ọ̀pẹ̀, tí àwọn òǹwòran sì ń dá sí i láti ẹ̀yìn!

Ní ọdún 1742 ni Edmond Hoyle, ẹni tí ń kọ́ àwọn ọlọ́lá London ní wísìtì, tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí eré náà. Gínì kan ni ó ń tà á, owó ńlá ni èyí ní ayé ìgbà náà. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi ń jí ìwé náà tẹ̀, tí Hoyle sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí èyí tí ó jẹ́ ojúlówó kí a lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ó kú ní ọdún 1769.

Ohun tí ó mú ìwé yìí ṣe kókó ni pé Hoyle fi ìṣirò bọ inú eré. Bí káàdì kan kò bá sí ní ọwọ́ mi, ẹni mẹ́ta ni ó lè ní i. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn sì ni ẹnìkejì mi. Nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó lè wà ní ọwọ́ rẹ̀. Ìṣirò yìí kéré, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é, ṣùgbọ́n ó gbé ojú òṣèré kúrò ní ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì gbé e sí ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Láti ìgbà Hoyle ni ìbéèrè náà kì í ti í ṣe "Kí ni mo ní?" nìkan, bí kò ṣe "Kí ni àwa méjèèjì ní?"

IV. Ọgbọ́n mẹ́rin nípa ìlò aṣẹ́gun

Ọgbọ́n tí a fi ń lo aṣẹ́gun pọ̀. Mẹ́rin ni n ó mẹ́nu bà, nítorí wọ́n ni òpó tí àwọn yòókù fẹ̀yìn tì.

Èkíní ni fífa aṣẹ́gun ọ̀tá tán. Bí èmi àti ẹnìkejì mi bá ní aṣẹ́gun 8, márùn-ún ni ó wà ní ọwọ́ àwọn alátakò. Bí mo bá ń ju aṣẹ́gun lemọ́lemọ́, wọn ó máa tẹ̀lé mi títí tiwọn yóò fi tán. Nígbà náà ni Éèsì àti Ọba mi nínú ìdílé yòókù yóò bọ́ lọ́wọ́ ewu. Nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà, àwọn márùn-ún náà yóò pín sí mẹ́ta àti méjì ní nǹkan bí ìgbà 68. Wọn ó pín sí mẹ́rin àti ọ̀kan ní nǹkan bí ìgbà 28. Ní nǹkan bí ìgbà mẹ́rin péré ni ẹnì kan yóò ní gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ju aṣẹ́gun lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ti ọ̀tá sábà máa ń tán.

Èkejì lòdì sí èkíní pátápátá. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, gẹ́gẹ́ bí òwe. Ṣùgbọ́n nínú aṣẹ́gun, ìgbà mìíràn wà tí àgbájọ ń fa àdánù. Bí mo bá ní aṣẹ́gun mẹ́rin, tí ẹnìkejì mi ní mẹ́rin, tí a sì jọ ń jù wọ́n sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìkó mẹ́rin péré ni a ó fi wọ́n rí, nítorí méjì tiwa ń bá ìkó kọ̀ọ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n bí èmi kò bá ní kílọ́ọ̀bù, tí òun kò sì ní dáyámọ́ǹdì, òun lè ju kílọ́ọ̀bù sí mi kí n fi aṣẹ́gun pa á, èmi náà yóò sì ju dáyámọ́ǹdì sí i kí ó fi aṣẹ́gun pa á. Bí kò bá sí ìdènà, ìkó 8 ni a ó rí. Wọn a máa fi èyí wé ẹni méjì tí ń fi ayùn la pákó: ọ̀kan fà á síhìn-ín, èkejì fà á sọ́hùn-ún. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó Éèsì àti Ọba tí ó ní nínú àwọn ìdílé yòókù. Bí ó bá fi wọ́n sílẹ̀ di ẹ̀yìn, àwọn alátakò yóò ti da káàdì ìdílé wọ̀nyẹn nù, wọn ó sì fi aṣẹ́gun kékeré pa wọ́n.

Ẹ̀kẹta ni fífi agbára mú ọ̀tá lo aṣẹ́gun rẹ̀. Ká ní alátakò kan ní aṣẹ́gun márùn-ún, tí èmi ní mẹ́rin. Òun ni ọ̀gá. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń ju ìdílé tí kò ní lọ́wọ́ sílẹ̀, tí ó fi aṣẹ́gun dáhùn lẹ́ẹ̀mejì, ó ku mẹ́ta fún un, mẹ́rin tèmi sì wà síbẹ̀. Ó ti rí ìkó méjì, inú rẹ̀ dùn, kò mọ̀ pé ipò ọ̀gá ti bọ́ lọ́wọ́ òun.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí àwọn òṣèré fi èdè Faransé pè ní grand coup, òun ni ó sì ya ènìyàn lẹ́nu jù. Ká ní ìkó méjì péré ni ó kù. Alátakò tí ó wà ní ọ̀tún mi ní Ọba aṣẹ́gun àti 9 rẹ̀. Èmi ní Éèsì àti Ayaba. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni n ó kọ́kọ́ ju káàdì, Ọba rẹ̀ yóò gba ìkó kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹnìkejì mi ni káàdì ti ń bọ̀, alátakò náà gbọ́dọ̀ ju aṣẹ́gun ṣáájú mi: bí ó bá ju 9, Ayaba mi borí, bí ó bá ju Ọba, Éèsì mi borí. Ọba rẹ̀ ti di aláìníṣẹ́. Kí èyí tó lè ṣeé ṣe, aṣẹ́gun ọwọ́ mi kò gbọdọ̀ ju tirẹ̀ lọ ní òpin eré. Bí mo bá ní ọ̀kan lé, mo gbọ́dọ̀ ti fi í ṣòfò ṣáájú. Ọ̀nà tí mo sì lè gbà ṣòfò rẹ̀ lè jẹ́ pé kí n fi í pa káàdì ẹnìkejì mi tí ì bá borí fúnra rẹ̀. Ohun tí mo ṣe sí bàbá arúgbó nì ní ọjọ́ kìíní nìyí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àìmọ̀kan ni tèmi.

V. Àsíá Lord Henry Bentinck

Ẹni tí ó bá ti fara balẹ̀ ka apá tí ó ṣáájú yìí yóò ti rí ìṣòro tí ó wà níbẹ̀. Ọgbọ́n èkíní ní kí a fa aṣẹ́gun tán. Ọgbọ́n èkejì ní kí a má fà á rárá. Báwo ni n ó ṣe mọ èyí tí ẹnìkejì mi ń fẹ́, níwọ̀n ìgbà tí n kò lè bi í?

Ní nǹkan bí ọdún 1834 ni Lord Henry Bentinck, ọmọ ìdílé ọlọ́lá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ìdáhùn sí i. Bí ènìyàn kò bá lè borí ìkó, káàdì tí ó kéré jù ni ó máa ń jù sílẹ̀. Bí ó bá ní 7 àti 3, yóò kọ́kọ́ ju 3, yóò sì wá ju 7. Bentinck ní: bí mo bá kọ́kọ́ ju 7, tí mo wá ju 3, nígbà tí kò sí ohun kan tí ó mú mi ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹnìkejì mi mọ̀ pé mo ń bẹ̀ ẹ́ kí ó ju aṣẹ́gun. Wọ́n sọ àmì yìí ní orúkọ àsíá aláwọ̀ búlúù tí ó ní funfun láàárín, èyí tí ọkọ̀ ojú omi máa ń ta nígbà tí ó bá fẹ́ ṣí kúrò ní èbúté. Orúkọ náà bá a mu. Gbogbo èbúté ni ó ń rí àsíá, kì í ṣe àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ nìkan.

A gbọ́ pé Bentinck kábàámọ̀ ohun tí ó dá sílẹ̀. Ọ̀tà ni òun fúnra rẹ̀. Láìsí àmì, ó lè fi òye mọ ohun tí ó wà ní ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀, ọ̀pẹ̀ kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àmì dé, ọ̀pẹ̀ rí ní ọ̀fẹ́ ohun tí ọ̀tà fi ọdún púpọ̀ kọ́. Àwọn mìíràn sì tún bínú fún ìdí mìíràn: wọ́n ní sísọ̀rọ̀ ní etí ọ̀tá jẹ́ ìwà òmùgọ̀. Henry Jones, oníṣègùn tí ó ń fi orúkọ náà Cavendish kọ̀wé, ni ó dá wọn lóhùn nínú ìwé tí ó tẹ̀ ní ọdún 1862 àti èyí tí ó tẹ̀lé e. Èrò rẹ̀ ni pé àǹfààní tí ó wà nínú kí ẹnìkejì ẹni mọ òtítọ́ ju àǹfààní tí ó wà nínú kí a tan ọ̀tá lọ. Gbólóhùn yìí, ní ojú tèmi, ni òpómúléró gbogbo ìtàn yìí. Ẹni tí ó bá tan ọ̀tá jẹ nínú eré yìí ti tan ẹnìkejì rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí káàdì kan náà ni àwọn mẹ́ta ń wò.

VI. Bíríìjì: nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà lórí oyè

Nínú wísìtì, káàdì tí a pín kẹ́yìn ni a ń ṣí sójú, ìdílé rẹ̀ ni ó sì ń jẹ aṣẹ́gun. Orí ni ó ń yan oyè. Ìwé kékeré kan tí ó jáde ní London ní ọdún 1886 ni ó ṣàlàyé eré mìíràn tí wọ́n pè ní Biritch, nínú èyí tí ẹni tí ó pín káàdì, tàbí ẹnìkejì rẹ̀, ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ yan aṣẹ́gun, tàbí kí ó ní òun kò fẹ́ aṣẹ́gun rárá. Nínú eré yìí pẹ̀lú, ẹnìkejì ń tẹ́ gbogbo káàdì rẹ̀ sí orí tábìlì kí gbogbo ènìyàn rí i. Lord Brougham mú un dé ẹgbẹ́ Portland ní London ní ọdún 1894. Ní nǹkan bí ọdún 1904, wọ́n sọ yíyan aṣẹ́gun di gbàǹjo: ẹgbẹ́ tí ó bá ṣèlérí ìkó púpọ̀ jù ni yóò yan ìdílé tí ó wù ú. Ní ọdún 1925, Harold Vanderbilt, ará Amẹ́ríkà, wọ ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Finland láti Los Angeles gba ipadò Panama lọ sí Havana ní Kúbà. Nínú ìrìn àjò náà ni ó ti dán òfin tuntun wò, pé ìkó tí ẹgbẹ́ kan bá ṣe àdéhùn rẹ̀ nìkan ni yóò ṣe é ní àǹfààní ńlá. Eré tí gbogbo ayé ń ta lónìí nìyí.

Ẹ wo ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí ìdákẹ́jẹ́ àtijọ́. Gbàǹjo fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu òṣèré, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a kà ní iye ni. Ènìyàn lè ṣèlérí láti ipele 1 dé 7 nínú ìdílé mẹ́rin tàbí láìsí aṣẹ́gun, èyí jẹ́ 35. Ó sì lè kọjá, ó lè pe ìlérí ọ̀tá ní ìlọ́po méjì, tàbí kí ó tún un lọ́po. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìpè 38. Iye ọ̀nà tí káàdì 13 lè gbà wà ní ọwọ́ ẹnì kan sì jẹ́ 635,013,559,600. Ìpè 38 ni a ó fi ṣàpèjúwe gbogbo wọn! Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé àwọn òṣèré gbìmọ̀ láti fún ìpè ní ìtumọ̀ mìíràn. Ẹni tí ó bá pe kílọ́ọ̀bù lè má ní kílọ́ọ̀bù. Ó lè máa wí pé ọwọ́ òun kún fún Éèsì àti Ọba.

Níhìn-ín ni òfin ti wá sọ̀rọ̀ gbangba. Òfin bíríìjì kò kọ̀ kí ẹni méjì ṣe àdéhùn lórí ìtumọ̀ ìpè tàbí ti káàdì. Ohun tí ó kọ̀ ni kí wọ́n fi àdéhùn náà pamọ́. Nínú ìdíje, wọ́n ń kọ ìtumọ̀ àmì wọn sí ìwé, alátakò lè gba ìwé náà wò. Bí alátakò bá béèrè ìtumọ̀ ìpè kan, dandan ni kí a sọ ọ́ fún un. Àrokò ni èyí. Ìtumọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ohun ìní ẹni tí ó rán an àti ẹni tí a rán an sí nìkan.

VII. Nígbà tí àrokò di ẹnà

Ṣùgbọ́n ẹ̀dá kò lè ṣàìwá ọ̀nà àbùjá. Ní ọdún 1965, nínú ìdíje àgbáyé tí a ṣe ní Buenos Aires ní Argentina, wọ́n fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣèré méjì láti ilẹ̀ Bìrìtìkó pé iye ìka tí wọ́n fi di káàdì mú ni wọ́n fi ń sọ iye káàdì ìdílé ọkàn tí wọ́n ní. Àjọ bíríìjì àgbáyé dá wọn lẹ́bi. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí a gbé kalẹ̀ ní ilé dá wọn láre ní ọdún 1966. Títí di òní àwọn onímọ̀ eré náà kò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀, èmi kò sì ní dá ẹjọ́ tí àwọn àgbà kò rí dá.

Ní ọdún 1975, ní erékùṣù Bermuda, wọ́n ta aṣọ ìkélé, kí a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, sí àárín tábìlì: pákó ìdábùú tí kò jẹ́ kí ẹnì kan rí ojú ẹnìkejì rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Nítorí náà, ẹ bo ojú. Ṣùgbọ́n nínú ìdíje yẹn gan-an ni wọ́n ti rí i tí ẹsẹ̀ ń kan ẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n dí abẹ́ tábìlì pẹ̀lú. Ní ọdún 2015, àwọn òṣèré kan fi ọ̀pọ̀ wákàtí wo fídíò ìdíje, wọ́n sì tú àṣírí pé bí àwọn ọ̀tà kan ti ń gbé nǹkan kalẹ̀ sí orí tábìlì ní ìtumọ̀ tí a kò kọ sínú ìwé wọn. Wọ́n lé àwọn kan nínú wọn kúrò nínú ìdíje.

Ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ohun tí ó mú èyí burú. Àmì ni tiwọn, àmì sì ni ti Bentinck. Ìka àti ẹsẹ̀ kò burú ju 7 àti 3 lọ nínú ara wọn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nígbà tí Bentinck ta àsíá, gbogbo èbúté rí i, ó sì san owó rẹ̀: ó sọ àṣírí ọwọ́ ara rẹ̀ fún ọ̀tá kí ẹnìkejì rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ kò fẹ́ san ohunkóhun. Ẹnà ni ó ń sọ ní àárín àwọn tí wọ́n gbà pé àrokò ni gbogbo wọn ń lò.

Ìkádìí

Láti trionfi ti 1440 dé ìpè 38 ti òde òní, ọ̀nà tí aṣẹ́gun tọ̀ jìn. Ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbára tí a yà sí ara káàdì. Ó di oyè tí orí ń pín. Ó sì parí sí àdéhùn tí ẹni méjì ń ṣe ní etí gbogbo ènìyàn. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé eré ọ̀lẹ ni káàdì, pé kò yẹ kí a fi ojú ewé ìwé yìí ṣòfò lé e lórí. Èsì mi ni pé àwa tí a ń kọ́ nípa àrokò kò gbọdọ̀ rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni àwọn ènìyàn ti jókòó ronú lórí bí a ti ń sọ̀rọ̀ láìlanu, àti lórí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá tún fẹ́ kọ̀wé lórí àrokò, mo rọ̀ ọ́ kí ó má bi àwọn àgbà léèrè ìtumọ̀ owó ẹyọ mẹ́fà nìkan. Kí ó bi wọ́n pẹ̀lú pé: ta ni ó yẹ kí ó mọ ìtumọ̀ náà, ta ni kò sì yẹ?

Ní ti bàbá arúgbó nì, a tún jọ ta káàdì ní ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìgbà tí ó ń sọ̀rọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó ju 8, ó wá ju 2. Mo fi aṣẹ́gun sílẹ̀ fún un láìṣiyèméjì. Kò wò mí, èmi náà kò wò ó. Alátakò tí ó wà ní ọ̀tún mi ni ó mi orí, ó ní, "Ó ti ń gbọ́ báyìí."